Ọmọ méjì nínú ọkọ̀ kan: Bí máàkì orí fọ́ọ̀mù ṣe ń pinnu ẹni tí yóò sùn sí àhámọ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọkùnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 15 ni àwọn méjèèjì, ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù nígbà tí ọlọ́pàá dá wọn dúró nínú ọkọ̀ tí wọ́n jí. Ọkọ̀ kan náà, ẹ̀sùn kan náà, alẹ́ kan náà. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé, èkejì sì ti sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin.

Kì í ṣe adájọ́ ló pín wọn níyà. Adájọ́ ti lọ sùn ní tiẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan ni. Òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà kọ ọ́, ó ro máàkì rẹ̀ pọ̀, ó sì wo ibi tí àpapọ̀ rẹ̀ bọ́ sí.

Kí ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà?

Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwé ìwọ̀n ewu. Ìbéèrè méjì péré ló wà fún. Bí wọ́n bá dá ọmọ yìí sílẹ̀ lálẹ́ yìí, ṣé yóò yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́? Ṣé kò ní dá ọ̀ràn mìíràn kí ọjọ́ náà tó pé? Kò béèrè bóyá ọmọ náà jẹ̀bi, iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Kò sì béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n bá a wí.

Ohun tí ti Virginia ń kà ni ẹ̀sùn tí wọ́n torí ẹ̀ mú ọmọ náà, ẹ̀sùn mìíràn tó bá so mọ́ ọn, ẹjọ́ tí wọ́n ti dá a lẹ́bi rẹ̀ rí, ẹjọ́ tó ṣì wà nílẹ̀, bóyá ó ti wà lábẹ́ ìṣọ́ kóòtù tẹ́lẹ̀, àti bóyá ó ti kọ̀ láti yọjú sí kóòtù tàbí ó ti sá lọ láàárín oṣù 12 tó kọjá. Bí wọ́n ṣe ń lò ó láti ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá gba máàkì 0 sí 9, kó máa lọ ilé. Ẹni tó bá gba 15 sókè, àhámọ́ ni. Àárín ni 10 sí 14: wọn kò ní tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún un ní òfin kónílé-ó-gbélé, kí wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú tí wọn kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ẹ wá wo ìṣirò ọmọ méjì wa. Ọkọ̀ tí wọ́n jí jẹ́ ọ̀ràn ńlá, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Máàkì 7 ni. Ọmọ àkọ́kọ́ kò ní àkọsílẹ̀ mìíràn, méje rẹ̀ kò dé mẹ́wàá, kí wọ́n pe òbí rẹ̀ lórí fóònù. Èkejì náà gba 7 tirẹ̀, àmọ́ ó ní ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá mìíràn ní kóòtù tí wọn kò tíì gbọ́. Ìyẹn nìkan, máàkì 8. Méje àti mẹ́jọ di 15.

Ẹ kíyè sí i pé ẹjọ́ tó gbé e dé àhámọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ti dá a lẹ́bi rẹ̀. Ẹ̀sùn ṣì ni. Bí kóòtù bá dá a láre lóṣù tó ń bọ̀, máàkì 8 náà yóò parẹ́ lórí ìwé, ṣùgbọ́n oorun tó ti sùn sí àhámọ́ kò ṣeé sùn padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀?

Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, ọlọ́pàá mú ọmọ ọdún 14 kan lóru ní New York. Wọ́n ní òun àti àwọn mìíràn fi ìbọn lu ọmọkùnrin kan lórí, wọ́n sì gba jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà rẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tó ń gbé, ó parọ́. Ọjọ́ 15 ló lò ní àtìmọ́lé, nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà gbà kí wọ́n ti ọmọ mọ́lé bí ewu ńlá bá wà pé yóò tún dá ọ̀ràn kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, òun ni wọ́n mọ̀ sí Schall v. Martin. Ní ọdún 1984, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní òfin náà kò lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. William Rehnquist, tó kọ ìdájọ́ náà, ní abẹ́ àṣẹ ẹnì kan ni ọmọdé máa ń wà nígbà gbogbo, bí òbí kò bá sì lè mójú tó o, ìjọba lè dá sí i. Thurgood Marshall wà lára àwọn mẹ́ta tí kò fara mọ́ ọn.

Ohun tí ìdájọ́ náà fi sílẹ̀ láìyanjú nìyí: òfin ní kí wọ́n wọn ewu, ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní òṣùwọ̀n. Bí òṣìṣẹ́ kan bá rí ọmọ tó ń wojú ilẹ̀, ó lè pè é ní ìrònúpìwàdà. Ẹlòmíràn lè pè é ní oríkunkun.

Káúńtì Broward ní Florida wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá òṣùwọ̀n. Ibùdó àtìmọ́lé àwọn ọmọdé wọn kún àkúnya, wọ́n sì pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlànà kan náà yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n sì pèsè ọ̀nà mìíràn láti máa ṣọ́ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀. Láàárín ọdún 1987 sí 1992, iye ọmọ tó wà níbẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àjọ Annie E. Casey Foundation mú ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1992 tó ti dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún káúńtì.

Ohun tí wọ́n bá kà ló ń mú èèyàn

Káúńtì Multnomah, níbi tí ìlú Portland wà ní Oregon, bọ́ sínú ètò yìí, wọ́n sì rí ohun kan tó yẹ kí gbogbo ayé rí. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n ń tì mọ́lé jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fọ́ọ̀mù tiwọn, wọ́n yẹ ìbéèrè ibẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè bóyá ìdílé ọmọ náà dúró dáadáa. Ọmọ tí ìyá àgbà tàbí àǹtí rẹ̀ ń tọ́ yóò pàdánù níbẹ̀.

Yorùbá ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú mẹ́rin yẹn nìkan ni irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ń wá. Multnomah yí ìbéèrè náà padà: ṣé àgbàlagbà kan wà tó ṣetán láti rí i pé ọmọ yìí dé kóòtù? Ìyá àgbà wọlé, àǹtí wọlé. Wọ́n tún yọ ìbéèrè nípa ẹgbẹ́ jàǹdùkú kúrò, nítorí ó rọrùn jù láti fi ṣe àmì sí ọmọ adúláwọ̀ lára. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ aláwọ̀ funfun àti àwọn tó kù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àmọ́ Broward kan náà ló tún fi ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ hàn wá. Ní ọdún 2016, iléeṣẹ́ ìròyìn ProPublica yẹ máàkì àwọn èèyàn tó lé ní 7,000 wò, àgbàlagbà tí wọ́n mú níbẹ̀ tí wọ́n sì fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ COMPAS wọn ewu wọn. Wọ́n mú àwọn tí kò dá ọ̀ràn mìíràn láàárín ọdún méjì. Nínú àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀, nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni COMPAS ti pè ní eléwu. Nínú aláwọ̀ funfun, nǹkan bí ìdá 23 ni. Iléeṣẹ́ tó ni ètò náà fèsì pé ẹni tó bá gba máàkì kan náà, dúdú tàbí funfun, iye kan náà nínú wọn ló ń padà dá ọ̀ràn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò wádìí rẹ̀, wọ́n ní ìdúró méjèèjì ṣeé rí nínú nọ́ńbà kan náà. Bí wọ́n bá ń mú àwọn ẹ̀yà kan ju òmíràn lọ, kò sí òṣùwọ̀n tó lè tọ́ ní ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni fọ́ọ̀mù ń jẹ. Níbi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ti ń yí ká lójoojúmọ́, máàkì àwọn ọmọ àdúgbò náà yóò ga.

Ewu ọmọ, ewu yàrá

Ìṣòro mìíràn kò hàn sójú. Láti mọ̀ bóyá fọ́ọ̀mù kan tọ́, ẹ ó wo ohun tí àwọn ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ṣe. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ńkọ́? Kò sí bó ṣe lè fi hàn pé òun ì bá hùwà dáadáa níta. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣì í wọ̀n, àṣìṣe náà kò ní hàn láéláé.

Chicago, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ lágbàáyé sílẹ̀ ní ọdún 1899, tún fi ohun mìíràn kún un. Anna Aizer àti Joseph Doyle tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2015 lórí ọmọ tó lé ní 35,000. Adájọ́ kan le, òmíràn rọ̀, oríire lásán ló sì ń gbé ọmọ dé iwájú ẹnì kan nínú wọn. Nítorí náà, wọ́n lè fi ọmọ tó jọra wéra. Àwọn tí wọ́n tì mọ́lé kò parí ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó àwọn yòókù, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀wọ̀n àgbàlagbà ló pọ̀ sí i ní tiwọn, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 23. Fọ́ọ̀mù ń wọn ewu ọmọ. Kò sí máàkì kankan nínú rẹ̀ fún ewu yàrá tí wọ́n fẹ́ tì í mọ́.

Nígbà tí fóònù bá dún

Òṣìṣẹ́ lè ṣe ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí ìṣirò sọ, bó bá ti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ìdí tó wọ́pọ̀ kò kan ìwà ọmọ rárá: wọn kò rí òbí rẹ̀ pè, tàbí òbí ní òun kò ní wá mú un.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó wà ní Maryland, Houston àti Chicago, ibí yìí ló kàn yín. Inú yóò bí yín, ó sì tọ́ kó bí yín. "Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀, kó lè gbọ́n." Nílé, ọ̀rọ̀ ìyá tó ń bá ọmọ wí nìyẹn. Lórí fọ́ọ̀mù, wọn yóò kọ ọ́ pé kò sí àgbàlagbà tó gbà láti dúró fún un.

Ọmọ àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ yẹn gba máàkì 7. Máàkì náà kò sọ pé ó ṣe dáadáa. Ẹjọ́ rẹ̀ ń dúró dè é ní kóòtù, ìbáwí ń dúró dè é nílé. Ohun tó sọ ni pé kò tíì sí ìdí láti tì í mọ́lé. Ẹni tó bá gbé fóònù lóru náà ni yóò pinnu bóyá méje yóò dúró ní méje.