Bí A Ti Í Tọpasẹ̀ Baba-ńlá Ẹni Nínú Ìwé Àtijọ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ mí wá ní ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun wá baba-ńlá òun nínú ìwé. Mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó ní, "Àjàyí ni, sà." Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọmọ tí ó bá da ojú bolẹ̀ wá sáyé ni à ń pè ní Àjàyí. Èwo nínú wọn ni kí n wá? Mo ní kí ó padà lọ bèèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀: ìlú tí baba náà ti ṣẹ̀ wá, oríkì orílẹ̀ rẹ̀, ilà tí ó wà ní ojú rẹ̀, àti ogun tí ó lé e kúrò nílé. Orúkọ nìkan kò tó, nítorí pé ẹnì kan náà lè jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ nínú ìwé ọ̀tọ̀.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ẹni tí ó bá ń wá "Crowther" ọmọ Yorùbá nínú ìwé ọdún 1822 kò lè rí i, nítorí pé ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí a rì í bọmi, ni ó tó gba orúkọ náà, èyí tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó mọ̀ pé Àjàyí ọmọ Òṣoògùn ni, tí a kó lẹ́rú ní 1821, ni ọ̀nà là fún. Nínú lẹ́tà kan tí òun tìkára rẹ̀ kọ ní 1837, ó ròyìn bí a ti kó òun pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀, bí a ti fi òun pààrọ̀ ẹṣin, àti bí a ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí tí ó wà nínú rẹ̀, a sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ní Sàró, akọ̀wé ìjọba a máa kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí tí ó fi ojú díwọ̀n, gíga wọn, àti nígbà mìíràn ilà ara wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Orúkọ tí a ti kó jọ láti inú wọn àti láti inú ti Havana ní Kúbà, tí a sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ju 91,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí etí akọ̀wé ti gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ. Orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù pàápàá, Adjai àti Ajai ni a bá a nínú ìwé àtijọ́. Nítorí náà, ẹ má fi ojú nìkan kà wọ́n. Ẹ kà wọ́n sókè ketekete, kí etí Yorùbá lè mú ohun tí ojú fò dá.

Ní 1846 ni Crowther rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún 25. Afala ni orúkọ ìyá náà nílé. Nígbà tí a rì í bọmi ní 1848, ó di Hannah. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ rẹ̀ mọ ìwé kọ, ta ni ìbá mọ̀ pé obìnrin kan náà ni wọ́n? Àwọn ìyá tiwa, tí ọmọ wọn kò kọ ìwé, ẹnu àgbà nìkan ni ó so orúkọ wọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ má sì bi àgbà léèrè ọdún. Ẹ bi í léèrè ogun. Bí ó bá ní ìyá ìyá òun ń pọn ọmọ nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, 1860 ni. Bí ó bá jẹ́ ti Kírìjì, láàrin 1877 àti 1893 ni. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú dára, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn baba wa ti ka ìran wọn láti orí dé orí. Kìkì pé ẹni tí ń du ilẹ̀ a máa gbàgbé ẹ̀gbọ́n kan tàbí méjì.

Èmi tìkára mi pẹ́ jù. Nígbà tí mo dé ìjọ kan láti wá orúkọ ìyá baba mi, ikán ti jẹ ìwé ìrìbọmi wọn láti èèpo dé àárín. Àbúrò baba mi obìnrin kan ni ó kù, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kì mí bí ìyá wọn ti máa ń kì wọ́n ní òwúrọ̀. Ó kì mí tán, mo sì gbọ́ nínú rẹ̀ orúkọ ìletò kan tí n kò gbọ́ rí. Mo lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà iṣu ni, gbogbo wọn wà lóko. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, bí iṣẹ́ bá dín, èmi yóò padà lọ.