Ìperí fún Iṣẹ́ Abẹ Ìpéǹpéjú àti Ohun tí Ẹni tí a Fẹ́ Ṣe É fún Lè Retí

Kí oníṣègùn tó fi abẹ kan ara ẹnikẹ́ni, olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ síwèé pé òun gbà á. Ohun tí ó bá sì yé ènìyàn nìkan ni ó lè gbà. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ni ó gbọ́, ohun tí ògbufọ̀ bá pe iṣẹ́ náà ni yóò yé e. Bí ìperí kò bá dára nínú ẹ̀kọ́ gírámà, akẹ́kọ̀ọ́ lè pàdánù máàkì. Bí kò bá dára ní ilé ìwòsàn, ara ènìyàn ni yóò fara gbá a. Ọ̀ràn yìí le jù níbi iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣe sí ìpéǹpéjú nítorí oge, nítorí pé ojú tí kò ṣàìsàn ni a ń gbé abẹ sí.

Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, awọ ìpéǹpéjú a máa dẹ̀, ọ̀rá tí ó yí ẹyinjú ká a sì máa yọ síwájú. Oníṣẹ́ abẹ yóò gé awọ tí ó pọ̀ jù, yóò dín ọ̀rá kù tàbí kí ó tún un tò, yóò sì rán an. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn Òyìnbó ń lò fún un, blepharoplasty, inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá: blepharon ni ìpéǹpéjú, plastos ni ohun tí a fi ọwọ́ mọ, bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Nígbà tí Karl Ferdinand von Graefe, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Jámánì, lo ọ̀rọ̀ náà ní 1818, kò sí oge nínú rẹ̀ rárá. Mímọ ìpéǹpéjú tí àrùn jẹjẹrẹ ti bà jẹ́ ni ó ń tọ́ka sí. Àwọn ará Kòríà ní tiwọn ń fi àbájáde sọ orúkọ: ssangkkeopul, èyí tí ó fẹ́ jẹ́ awọ oníméjì, ni wọ́n ń pe ìṣẹ́po tí abẹ ń dá sí ìpéǹpéjú tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni èyí. Mikamo ti kọ̀wé lé e lórí ní ilẹ̀ Japan ní 1896.

Kí ni kí Yorùbá wá pè é? "Àtúnmọ ìpéǹpéjú" ni ó sún mọ́ ti Gíríìkì jù lọ, ṣùgbọ́n ìwé ilé ìwòsàn kì í sábà ní àmì ohùn, mímọ ìkòkò àti mímọ ènìyàn yóò sì di ọ̀kan náà lójú òǹkàwé. "Àtúnṣe" rọrùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe. "Àtúntò" ni ó tọ́: awọ àti ọ̀rá ni a ń tún tò, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣe ìlérí kankan. Pé àwọn olóṣèlú ti ń lò ó fún ètò orílẹ̀-èdè kò dí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sì ń pè é ní "iṣẹ́ abẹ ẹwà" ń ṣe ìlérí tí oníṣègùn kò ṣe. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: ẹwà ni ohun tí ènìyàn ní, oge ni ohun tí ènìyàn ń ṣe. Iṣẹ́ abẹ ajẹmóge ni kí a pè é. Owó wà nínú ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, ètò ìlera ìjọba kì í sábà gba ìnáwó rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti oge. Bí awọ bá wálẹ̀ dí ìríran, ọ̀ràn lè yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "ìpéǹpéjú" gan-an ń fẹ́ àmójútó, nítorí pé àwọn kan ń fi í pe irun tí ó wà létí rẹ̀. Kí ìpéǹpéjú jẹ́ ti awọ, kí irun ìpéǹpéjú dá dúró. Etí ìpéǹpéjú kò ṣòro: a ti ní etí aṣọ àti etí odò. Ibi tí ewu wà ni ọ̀rọ̀ náà "ìpéǹpéjú tí ó wálẹ̀", nítorí pé àìsàn méjì ni ó ń bò mọ́lẹ̀. Nínú èkíní, awọ ni ó dẹ̀. Nínú èkejì, iṣan tí ń gbé ìpéǹpéjú sókè ni kò lágbára tó. Bí a bá gé awọ ẹni tí iṣan rẹ̀ ni kò lágbára, yóò jí, yóò wo dígí, ojú rẹ̀ yóò sì tún wà ní àdìpadé ìdajì bíi ti àná. Kí a máa pe èkíní ní awọ dídẹ̀, kí a sì fi ìpéǹpéjú wíwálẹ̀ sílẹ̀ fún èkejì nìkan.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, oníṣègùn yóò béèrè nípa ojú gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn bíi aspirin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Òun ni yóò sọ èyí tí a ó dá dúró. Ìjókòó ni wọ́n ti ń sàmì sí awọ, nítorí pé awọ a máa yí padà bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀. Awọ ìpéǹpéjú kò nípọn tó mìlímítà kan, gígé rẹ̀ kò sì ní àgéjù: nǹkan bíi mìlímítà 20 ni ó yẹ kí ó kù láàrin irun ojú àti etí ìpéǹpéjú òkè, kí ojú lè dé. Abẹ a máa gba inú ìṣẹ́po kọjá kí àpá lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń pe gbogbo oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora ní "oògùn oorun". Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ó ń pa ìmọ̀lára ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà ń lò fún ìpéǹpéjú òkè. Ẹni tí ó ti ń retí oorun, tí ó wá ń gbọ́ ohùn oníṣẹ́ abẹ lókè orí rẹ̀, yóò rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. "Abẹ́rẹ́ apamọ̀lára" yóò gbà á lọ́wọ́ ìpayà yẹn.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ojú yóò wú, ẹ̀jẹ̀ yóò sì sun sábẹ́ awọ. Lára aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ yóò kàn túbọ̀ dúdú sí i ni. Aṣọ tútù àti ìrọ̀rí gíga ń ṣèrànwọ́. A sábà máa ń yọ òwú ojú ọgbẹ́ láàrin ọjọ́ 5 sí 7. Wíwú náà a máa lọ púpọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 2, àpá ni ó ń gba oṣù díẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í gbé irun ojú sókè, kì í sì í bó àwọ̀ dúdú abẹ́ ojú.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tí kò yẹ kí ògbufọ̀ kankan fi rọ́pò ara wọn: ìnira àti ìrora. Ìnira ni ohun tí a ń retí: kí ojú máa le, kí ó máa yúnni, kí omi máa jáde. Ìrora líle nínú ojú kan ṣoṣo, tí ẹyinjú ń tì síta, tí ìríran sì ń ṣókùnkùn, ọ̀tọ̀ ni. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà sẹ́yìn ẹyinjú tí ó sì ń fún iṣan ìríran pa. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀, láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ìwé bá ti sọ fún olúwarẹ̀ pé ìrora yóò wà, yóò rọra fara dà á di òwúrọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ó yẹ kí ó ti padà sí ilé ìwòsàn.