Ẹ Má Tú Wáyà Dànù: Bí A Ṣe Ń Fi Wáífáì Kún Íntánẹ́ẹ̀tì Oníwáyà Nílé àti ní Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, l'ọ́kùnrin l'óbìnrin, ní Òṣogbo àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ l'óṣù yìí kì í ṣe ti kòkó, kì í sì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí pé owó yín ló wà níbẹ̀.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Láti ìgbà díẹ̀ wá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń tọrọ owó lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó láti fi ra wáífáì ti ń pọ̀ sí i. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo fọ́ọ̀mù tí àwọn kan kọ, a rí i pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fa gbogbo wáyà tí ó ti wà nínú ilé wọn tu, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Oníṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní wáyà ti di ti ayé àtijọ́, pé afẹ́fẹ́ layé ń lò báyìí. Hàbá! Ẹni tí ó fẹ́ la fèrèsé kan sí ilé rẹ̀, ṣé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wó ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń wí ná. Íntánẹ́ẹ̀tì oníwáyà ni èyí tí wáyà rẹ̀ gba inú ògiri tàbí etí àjà láti ara ráútà lọ sí ara kọ̀ǹpútà, sí ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, sí ara kámẹ́rà tí ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó yára, kì í mì, ará ilé kejì kò sì lè jí i lò. Àbùkù kan ṣoṣo tí ó ní ni pé fóònù kò ní ihò tí a lè ki wáyà náà bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù ni à ń fi ta ọjà báyìí. Orí fóònù ni oníbàárà ti ń wo ọjà, orí rẹ̀ ni a ti ń retí alẹ́ẹ̀tì kí á tó jẹ́ kí ẹrù jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí tí wáífáì fi di ohun tí à ń wá.

Ìjà wáyà àti afẹ́fẹ́ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn àgbà àárín wa yóò rántí àpótí Redifúṣọ̀n. Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé e dé Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1939, lẹ́yìn náà ni ó wá ń tàn ká. Wáyà ni wọ́n ń fà láti ilé iṣẹ́ wá sí ilé oníbàárà. Àpótí á wà lára ògiri, á máa sọ̀rọ̀ ṣáá, kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì tòótọ́ ni. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó rẹ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ bá sì fi sí i náà ni èèyàn yóò gbọ́. Nígbà tí rédíò kékeré onítíránsítọ̀ dé, èyí tí èèyàn lè gbé lọ sí oko àti ọjà, àpótí ara ògiri di ohun tí à ń fi ṣe ìtàn. Tẹlifóònù náà tọ ọ̀nà yẹn. Wọ́n dá NITEL sílẹ̀ ní 1985, ilé tí wáyà rẹ̀ bá sì wọ̀ nígbà náà, ilé ọlọ́lá ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo wa báyìí ni alátà àti awakọ̀ ṣe di onífóònù.

Ẹni tí ó bá wo ìtàn yìí yóò sọ pé òótọ́ ni oníṣẹ́ náà sọ. Rárá o. Ibi díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọ̀nà nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbé, wáyà ló ń gbé ìyókù. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024? Lọ́jọ́ náà, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Ní Nàìjíríà níbí, iṣẹ́ báńkì falẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń rá kòrò. Fóònù tí a rò pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jẹ, wáyà abẹ́ òkun ni ó ń bọ́ ọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn. Ní 1971, ní Yunifásítì Hawaii, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò so kọ̀ǹpútà erékùṣù kan mọ́ ti òmíràn, wọ́n pè é ní ALOHAnet. Robert Metcalfe ti ilé iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà wo ọgbọ́n tí wọ́n dá níbẹ̀, ní 1973 ó fi hùmọ̀ Ethernet, èyí tí í ṣe wáyà tí ó wà nínú ilé yín gan-an. Nígbà tí ó di 1997 ni ìlànà wáífáì àkọ́kọ́ jáde. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Nítòsí wa níhìn-ín pàápàá, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n gba ìrànlọ́wọ́ ilé ìwádìí ICTP ti ìlú Trieste ní Ítálì láti fi rédíò so àwọn ilé kan nínú ọgbà pọ̀ mọ́ ibi tí wáyà ti wà. Wọn kò tú wáyà.

Ó dáa, iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn. Ohun tí a nílò ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní access point. Wáyà láti ara ráútà tàbí súwíìsì ni yóò wọ ìdí rẹ̀ (súwíìsì onihò púpọ̀ tí a ń ki wáyà bọ̀ ni à ń wí o, kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná), òun náà yóò wá máa tan wáífáì fún àwọn fóònù tó wà láyìíká rẹ̀. Bí ilé bá ní ibi méjì tí fóònù kò ti rí nǹkan kan, kí á gbé méjì sí i. Wáyà láti ìdí kan sí ìdí kejì kò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ. Tí ẹ bá lọ ra wáyà tuntun, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú irin tín-ín-rín inú rẹ̀ wò: tó bá funfun lábẹ́, aluminiọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ọgbọ́n yẹn tẹ́lẹ̀, a kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ráútà àtijọ́ tí ẹ ti gbé jù sí abẹ́ ibùsùn lè ṣe iṣẹ́ yìí, kò dìgbà tí ẹ bá ra tuntun. Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ba nǹkan jẹ́, nítorí náà a ó dúró díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé, fóònù ni o, kọ̀ǹpútà ni o, a gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà. Ráútà ni akọ̀wé tí ń pín nọ́ńbà yìí. DHCP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ẹ wo ẹgbẹ́ wa. Tí akọ̀wé méjì bá jókòó sí yàrá méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pín nọ́ńbà ìwé ìfowópamọ́ láì bi ẹnìkejì, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ méjì kò ní gba nọ́ńbà 45? Owó ẹnìkan yóò wá bọ́ sínú ìwé ẹlòmíràn, ìjà dé. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ráútà méjì bá ti ń pín nọ́ńbà nìyẹn: fóònù yóò fi hàn pé wáífáì wà, kò sì ní ṣí nǹkan kan. Wọn á wá ní ilé iṣẹ́ tí ń ta dátà ló ń rẹ́ni jẹ.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe nǹkan mẹ́ta sí ráútà àtijọ́ náà kí ó tó gbé e kọ́. Kí ó pa DHCP inú rẹ̀. Kí ó yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà kí ó má bàá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọ̀gá. Bí ti ọ̀gá bá jẹ́ 192.168.1.1, kí tirẹ̀ jẹ́ 192.168.1.2, kí ó sì rí i pé ọ̀gá kò ní pín nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíràn. Kí ó wá ki wáyà bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ihò WAN, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀. Oníṣẹ́ tí kò bá lè ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ó ránṣẹ́ pè é.

Àwọn kan yóò fẹ́ ta ẹ̀rọ mìíràn fún yín, repeater, wọ́n á ní kò nílò wáyà rárá. Kò burú fún ilé tí kò ní wáyà. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni, ó ní láti gbọ́ tán kí ó tó tún un sọ, ojú afẹ́fẹ́ kan náà ni ó sì ti sábà máa ń ṣe méjèèjì, nítorí náà bí ìdajì eré íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní wáyà nínú ògiri, kí ló fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe?

Ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ sí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wáífáì kì í fẹ́ràn ògiri. Ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ nípọn, irú èyí tó wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, àti àwọn petéèsì ńlá tí àwọn Òṣómàáló kọ́ sí Iléṣà lẹ́yìn tí wọ́n ti lóṣòó gba owó aṣọ wọn tán lẹ́yìn odi, gbogbo wọn ló ń gbé wáífáì mì. Kọnkéré tó ní irin nínú, páànù, àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sókè lára àjà, sí àárín ibi tí àwọn èèyàn ń jókòó sí. Ẹ má fi pamọ́ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n nítorí ẹwà. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 ń lọ jìnnà, ó sì ń la ògiri, àmọ́ èrò pọ̀ lójú rẹ̀. 5 yára ju u lọ ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Bí access point bá ju ọ̀kan lọ, kí a fi wọ́n sí ojú ọ̀nà 1, 6 àti 11 ti 2.4, nítorí àwọn mẹ́ta yìí kì í gun ara wọn lẹ́sẹ̀. Orúkọ kan àti páswọ́ọ̀dù kan ni kí gbogbo wọn ní, kí fóònù lè máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí ẹ ti ń rìn.

Ẹ má retí pé wáífáì yóò mú kí dátà yára ju bí ó ti ń wọlé lọ o. Tánkì tí omi kò wọ̀, bí a bá so ẹ̀rọ mẹ́wàá mọ́ ọn, òfìfo ni yóò máa jáde.

Ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù ló ń bà wá lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọlọ́jà mìíràn yóò ṣí wáífáì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí oníbàárà lè gbádùn. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ń san owó ni ìlà náà wà. Tí ọmọ kan tí ẹ kò mọ̀ rí bá jókòó sí ìta ṣọ́ọ̀bù yín, tí ó fi ìlà yín lu jìbìtì, ẹnu ọ̀nà yín ni àwọn agbófinró yóò kọ́kọ́ kàn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3, ẹ kọ páswọ́ọ̀dù tó gùn, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù tí ẹ kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún yí páswọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ inú ráútà fúnra rẹ̀ padà, nítorí pé admin ni ọ̀pọ̀ ráútà máa ń bá dé láti ilé iṣẹ́, kò sì sí ọmọ ìta tí kò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe oníbàárà lóore, ẹ̀rọ púpọ̀ ní ibi tí a ti lè dá wáífáì àlejò sílẹ̀ lọ́tọ̀; ibẹ̀ ni kí wọ́n wà, kí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣírò owó àti kámẹ́rà wà lórí wáyà níbi tí ọwọ́ wọn kò lè tó o.

Ti iná kò le. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń lo fóòtì 12, bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà lè gbé wọn fún wákàtí mélòó kan bí NEPA bá mú iná lọ (a mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ padà, orúkọ tí ẹnu mọ̀ là ń pè). Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gba ojú òfúrufú láti ilé ńlá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì. Ààrá kò ní láti sán lu ilé kí ó tó ba nǹkan jẹ́. Tí ó bá sán nítòsí, wáyà yẹn yóò gbé agbára rẹ̀ wọlé, yóò jó súwíìsì àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Fáíbà, tí kò ní irin tí ń gbé iná nínú, tàbí rédíò méjì tí ó kọjú sí ara wọn, ni a fi ń kọjá láti ilé kan sí èkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún iṣẹ́ yìí, kí ó kọ iye yàrá ilé rẹ̀ àti ibi tí wáyà dé sínú fọ́ọ̀mù, kí ó sì mú ìwé iye owó wá láti ọwọ́ oníṣẹ́ méjì, ó kéré tán. Kí owó ẹ̀rọ àti owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé náà. Ìgbìmọ̀ yóò bi yín ní ìbéèrè kan dandan: wáyà tí ó wà nílẹ̀ ńkọ́?