Láìmù Kì Í Ṣe Ti Gbogbo Ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń fi káún sí ewédú n'Íbàdàn kì í bèèrè ibi tí káún ti wá. Ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa ní Borno níbí ló ń gbà wá. Etí Adágún Chad ni wọ́n ti ń wà á, pàápàá lápá orílẹ̀-èdè Chad àti Niger, ó sì pẹ́ tó ti ń gba Borno kọjá lọ sí gúúsù, lórí ràkúnmí nígbà kan, nínú ọkọ̀ akẹ́rù lóde òní. Mo fi káún ṣáájú ọ̀rọ̀ mi nítorí ohun tí àwọn oníbàárà ń wá bèèrè lọ́wọ́ mi báyìí, ìyẹn láìmù, òkúta lílọ̀ tó ń lé kíkan kúrò nínú ilẹ̀, tó sì bá káún tan.

Irúgbìn ni mo ń tà ní Maiduguri, pẹ̀lú ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ àti ohun èlò oko. Àwọn tó ń gbin tòmátì, ilá, àlùbọ́sà àti tẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá odò Ngadda ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Gwange níbí, tó gbọ́ Kanuri ju èdè baba rẹ̀ lọ.

"Màmá, ẹ bá mi wá láìmù."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?"

Ó na fóònù sí mi. Òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà ló ń po láìmù mọ́ ilẹ̀ inú ìkòkò, igbó tí wọ́n ń mu ló sì fẹ́ gbìn sí i. Mo gbójú sókè wò ó. Ó tètè dá mi lóhùn: "Ẹ má bínú, Màmá. Ata ni tèmi. Ewé tiwọn ló kàn tutù yọ̀yọ̀ lójú mi."

Mo gbà á gbọ́. Ìpínlẹ̀ mélòó kan l'Amẹ́ríkà ti fàyè gba igbó, àmọ́ ní Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ni ẹni tó bá gbìn ín ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Òfin 1966 tilẹ̀ fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sí i nígbà náà. Àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989, sì ń wọ inú aginjù Oǹdó àti Ẹdó lọ pa oko rẹ̀ run títí di òní. Ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé ohun tó wà nínú ìkòkò òyìnbó yẹn kì í ṣe ilẹ̀ rárá. Píìtì ni wọ́n ń pè é, ewéko irà tó ti kú jọ nínú àbàtà ilẹ̀ olótùútù bíi Kánádà láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá. Ó kan gan-an. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó ni pH: 7 ni àárín, ohun tó bá kéré sí i kan, èyí tó bá jù ú lọ ń lọ sọ́dọ̀ káún. Píìtì kì í jìnnà sí 4, bẹ́ẹ̀ ohun tí igbó, ata àti tòmátì ń fẹ́ wà láàárín 6 sí 7. Dandan ni kí òyìnbó náà po láìmù mọ́ ọn.

Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni láìmù oko, irú èyí tó wà ní Ewékorò àti Ashaka, tí wọ́n lọ̀ kúnná. Kò sí ohun abàmì kan níbẹ̀. (Ti oko ni mo wí o. Èyí tí wọ́n sun nínú iná ń bó èèyàn lára, kò sì dára fún gbòǹgbò.) Ẹni tó ń dáko n'Íjẹ̀bú lè nílò rẹ̀ lóòótọ́. Òjò ibẹ̀ lè ju mìlímítà 1,500 lọ lọ́dún, ó sì ń fọ kálísíọ̀mù ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi kan. Tó bá kan jù, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ á yọ́, á máa ba gbòǹgbò jẹ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí àgbẹ̀ fowó rà á sì há mọ́ ilẹ̀. Àwọn baba wa tó ń sun pápá kí wọ́n tó kọ ebè kò gbọ́ pH rí, àmọ́ eérú tó bọ́ sílẹ̀ ń bá wọn ṣe iṣẹ́ láìmù.

Maiduguri ńkọ́? Òjò wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 600 lọ, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ló sì ń rọ púpọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn á fa omi sókè, iyọ̀ inú omi á sì kù sílẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn ìlú yìí sábà máa ń wà nítòsí àárín. Ní ọ̀nà Dikwa, Marte àti Ngala, níbi tí amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki wà, tí àwọn àgbẹ̀ ti ń lọ́ ọkà bàbà masakwa nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, 7 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá da láìmù síbẹ̀ ń fi káún kún ọbẹ̀ tó ti ní káún tẹ́lẹ̀ ni. Irin àti síńkì inú ilẹ̀ á há, ewé tuntun á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ nìkan á ṣì tutù. Olóko á sọ pé ajílẹ̀ ni kò tó, á tún ná owó mìíràn. Ilẹ̀ yanrìn ló burú jù, nítorí pé láìmù díẹ̀ ti tó láti gbé pH rẹ̀ sókè, mímú un sọ̀kalẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Mi ò sọ pé kò sí ilẹ̀ kíkan ní Àríwá. Ní Samaru, ní Zaria, oko ìdánwò kan wà tí wọ́n ti ń lo ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ sí láti 1950. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé ajílẹ̀ ammonium sulphate, tí wọ́n bá ń dà á síbì kan náà lọ́dọọdún, ń mú kí ilẹ̀ kan. Yúríà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Borno, àwọn ológun ti ká a lọ́wọ́ kò nítorí àwọn tó ń fi í ṣe bọ́ǹbù. Oko tó bá ti jẹ irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ lè fẹ́ láìmù.

Ìṣòro tí mo ń rí jù lọ níbí yàtọ̀ síyẹn. Omi kànga mìíràn ní sódíọ̀mù, ohun kan náà tó wà nínú káún. Tó bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ilẹ̀ á dì, omi á dúró lójú rẹ̀, kò ní wọlé. Jípsọ̀mù ló ń wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kálísíọ̀mù bíi ti láìmù, àmọ́ kì í gbé pH sókè. Ó ń lé sódíọ̀mù kúrò lára ilẹ̀, kí omi tó dára lè fọ̀ ọ́ lọ. A kò sì ní rìn jìnnà ká tó rí i: wọ́n ń wà á ní Fika ní Yobe, àti ní Nafada ní Gombe.

Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni mo tà fún ọmọ Gwange yẹn. Mo ní kó bu ilẹ̀ níbi púpọ̀ nínú oko rẹ̀, kí ihò kọ̀ọ̀kan jìn tó láti àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù tí a bá la àtẹ́lẹwọ́, kó pò ó pọ̀, kó sá a sábẹ́ ibòji, kó gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti yẹ̀ wò. Yunifásítì Maiduguri ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀, iléeṣẹ́ ìwádìí Lake Chad Research Institute náà sì wà ní ìlú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní Maiduguri, ẹ má ra láìmù lọ́wọ́ mi, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àyàfi tí èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ yín bá wà lọ́wọ́ yín.