Tẹ̀: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kan láàrin Ilẹ̀ àti Ìwé ní Agbègbè Ọbáfẹ́mi

1. Ìfáárà

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ bí ó ti ń jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti nínú iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Agbègbè Ọbáfẹ́mi, láti Mowe àti Ibafo títí dé ìhà Ifọ̀, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé nínú àríyànjiyàn ilẹ̀ níbẹ̀, ẹnu kan náà ni ó sábà máa ń sọ pé baba òun ni ó tẹ ibẹ̀ dó, pé ẹ̀gbọ́n òun tẹ̀ka sí ìwé, àti pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni ẹnì kejì gbé wá. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọrùn láti sọnù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

2. Ìró àti ìpìlẹ̀ ìtumọ̀

Ohùn ìsàlẹ̀ ni tẹ̀ ní, ṣùgbọ́n ohùn náà máa ń di ti àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀: wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ ìwé. Kí a má ṣe pò ó pọ̀ mọ́ tẹ́ olóhùn òkè, irú èyí tí ó wà nínú tẹ́ ẹní. Ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ tẹ̀ ni kí ohun kan fi agbára lé òmíràn títí tí ojú ibẹ̀ yóò fi hàn. Ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀. Babaláwo ń fi ìka tẹ Odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì, ẹni tí ó tẹ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n àmì ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kù níbẹ̀.

3. Tẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwé

Nígbà tí Henry Townsend ti ìjọ CMS gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ láti gba iṣẹ́ tuntun náà. Ẹ̀rọ náà ń fi òjé tí a kun ní yíǹkì tẹ bébà. Níbẹ̀ ni a ti tẹ Ìwé Ìròyìn, tí ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá 1859, tí ó sì dópin nígbà rògbòdìyàn Ifọ́lé ní 1867. Láti ara lílò yìí ni òǹtẹ̀wé, àtẹ̀jáde àti àtúntẹ̀ ti wá. Òǹtẹ̀, èyí tí a ń lù sí ìwé kí ó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, jẹ́ ẹbí kan náà.

Ìtẹ̀ka wà láàrin ilẹ̀ àti ìwé. Ẹni tí kò mọ̀wé ń tẹ ìka rẹ̀ dípò ìbuwọ́lùwé. Nítorí ewu tí ó wà níbẹ̀ ni òfin tí ó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé fi pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá wọn kọ ìwé kà á fún wọn, kí ó ṣàlàyé rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i.

4. Tẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Tẹ̀dó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń là sí méjì kí àbọ̀ lè bọ́ sáàrin: wọ́n tẹ ìlú náà dó. Dó inú ibùdó ni apá kejì rẹ̀. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, tẹ Abẹ́òkúta dó. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti jáde lọ tẹ abúlé oko dó káàkiri agbègbè tí ó di Ọbáfẹ́mi.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé orí ilẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Àlejò tí ó tọrọ oko, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbé ibẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi bí ọmọ. A ó sọ pé ó wá gbé ibẹ̀, tàbí pé ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. A kò ní sọ pé ó tẹ ibẹ̀ dó. Ìṣákọ́lẹ̀ gan-an ni ó ń jẹ́rìí lọ́dọọdún pé ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ dé. Tẹ̀dó, nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùgbé lásán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

5. Níbi tí ìtumọ̀ ti ń sọnù

Ní 1978, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn là gba ẹ̀gbẹ́ Mowe àti Ibafo kọjá, Òfin Ìlò Ilẹ̀ sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún kan náà. Ilẹ̀ oko di ilẹ̀ ilé, ìwé tí a tẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá: ìwé àwọn awọnlẹ̀ àti èyí tí a ń pè ní C of O.

Síbẹ̀, òfin kò sọ pé ìwé nìkan ni ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi ìdí ìní ilẹ̀ múlẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó tẹ ibẹ̀ dó, bí ó ti tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tí ó ti jogún rẹ̀ títí dé orí òun.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tẹ̀dó dáhùn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ àkọsílẹ̀ kóòtù. Bí ògbufọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ju “wá gbé ibẹ̀” lọ túmọ̀ “baba wa ni ó tẹ ibẹ̀ dó”, ó ti sọ onílẹ̀ di àlejò nínú ìwé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò ní gbọ́ ohùn arúgbó náà. Àkọsílẹ̀ ni yóò kà.

6. Ìkádìí

Ó hàn pé ìtẹ̀dó, ìtẹ̀ka àti ìtẹ̀wé jọ jẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà fi àmì sílẹ̀ kí ó lè jẹ́rìí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé a lè ṣe àtúntẹ̀ ìwé bí ó bá ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó gbọ́ ìtàn ìtẹ̀dó lẹ́nu àgbà kì í pẹ́ títí láyé. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tí ń túmọ̀ ẹ̀rí mọ̀ pé ìdánimọ̀ onílẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí, kí wọ́n sì gbé e dé inú ìwé bí ó ti jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí.