Bàbá Sàlá: Báwo ni fíìmù tí gbogbo ìlú wò ṣe sọ ẹni tó ṣe é di onígbèsè?

Ọdún 1967 ni Sunny Adé dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, abẹ́ ọ̀gá kan ló ti ń kọ́ṣẹ́. Federal Rhythm Dandies lorúkọ ẹgbẹ́ ọ̀gá ọ̀hún, orin háíláìfù ni wọ́n sì ń ṣe. Àwọn tó bá gbọ́ orúkọ ọ̀gá yìí lónìí kì í rántí orin rárá. Ẹ̀rín ló máa ń gba ẹnu wọn, nítorí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 1936 ni wọ́n bí i. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Iléṣà náà ló sì dákẹ́ sí ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, lẹ́ni ọdún 82. Ó kọrin, ó ṣe eré orí ìtàgé, ó ṣe ti tẹlifíṣọ̀n, ó ṣe sinimá, ó sì tún ṣe fídíò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ òṣèré Yorùbá ṣe ti orí ìtàgé bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kó sáà máa tẹ̀lé ọkùnrin yìí lẹ́yìn.

Ibì kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: àwọn kan jí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, dà kọ ní ọdún 1982, ó sì kó sí gbèsè ńlá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bá a bá di gbogbo ẹ̀bi ru olè, a ò ní lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí owó fi ń wọlé nínú iṣẹ́ náà ti ní ihò kí olè tó dé.

Láti ilé ijó dé orí ìtàgé

Nígbà tí Ọláìyá bẹ̀rẹ̀, eré aláàrìnjò ti fìdí múlẹ̀. Hubert Ògúndé ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1940. Kọ́lá Ògúnmọ́lá tẹ̀ lé e, Dúró Ládiípọ̀ náà dé, ó sì gbé Ọba Kò So jáde ní 1963. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni eré wọn ti ṣẹ̀ wá. Orin ìsìn ló kọ́kọ́ gbé wọn sókè, ẹ̀kọ́ kan sì gbọ́dọ̀ wà tí òǹwòran máa gbé lọ sílé.

Ilé ijó ni ti Ọláìyá ti wá. Ẹni tó wá jó ní òru Sátidé ò béèrè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sanwó, ó fẹ́ gbádùn ara rẹ̀, bí kò bá sì gbádùn, ilé ijó mìíràn wà nítòsí. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kọ́ ohun tó ya òun sọ́tọ̀. Ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà láìbo ohunkóhun mọ́lẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì pé ẹ̀rín lòun ń tà.

Iṣẹ́ orin tún fún un ní nǹkan mìíràn táwọn èèyàn kì í kà sí. Olórí ẹgbẹ́ olórin ní láti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kó bọ́ wọn, kó wá ọkọ̀, kó mọ ìlú tó ń lówó lọ́wọ́ ní àsìkò kan, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ìlù dákẹ́. Ohun tí olórí ẹgbẹ́ òṣèré ń ṣe gan-an nìyẹn. Nínú àwàdà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ gbọ́ bí gìtá ṣe ń dúró de ìlù kò ní í kánjú sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá sọ ọ́ di ẹni gbogbo ilé. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1959, ilé iṣẹ́ náà sì ń wá ohun tí yóò fi kún àkókò èdè Yorùbá. Eré Aláwàdà bọ́ sí i rẹ́gí. Kí ẹgbẹ́ tó dé ìlú kan, àwọn ará ìlú ti mọ ojú rẹ̀, nítorí náà gbọ̀ngàn ti máa ń kún kó tó sọ̀rọ̀.

Kí ló wà lára rẹ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín?

Ẹ wo ìmúra rẹ̀ dáadáa. Awò ojú rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n kò sí gíláàsì nínú rẹ̀; férémù lásán ni. Bótáì ọrùn rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyà. Aago tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé kọ́ ara ògiri, ọrùn ọwọ́ lòun so tirẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé ó kàn kó nǹkan pálapàla wọ̀. Awò ojú, táì àti aago ọwọ́, àmì akọ̀wé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí ọmọ tó kàwé fi ń hàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Sàlá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sọ wọ́n di ńlá títí wọn ò fi wúlò mọ́: awò tí a ò lè fi ríran, aago tó wúwo jù fún ọwọ́. Ọ̀làjú ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọlàjú gan-an ló sì ń rẹ́rìn-ín jù.

Ìwà tó gbé wọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà ni, ahun ni, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, ó sì gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí á wà lọ́jà, orí ọmọ á wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa wọ́ ọ. Níbi tí ọmọ ti gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ lè rí ìdí tí ara fi ń tu ọmọ nígbà tó bá rí bàbá tó tẹ́.

Báwo ni owó sinimá ṣe ń wọlé nígbà náà?

Ní 1976, Ọlá Balógun, ẹni tó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris, darí Àjàní Ògún pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Lóòfù. Fíìmù ọ̀hún pa owó, ojú àwọn òṣèré sì là. Ògúndé náà gbé Aiyé jáde ní 1979. Nígbà tó di 1982, ó kan Bàbá Sàlá, Balógun náà ló sì darí Ọ̀run Móoru.

Fíìmù ìgbà náà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi sápò. Bí wọ́n bá fi fíìmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 35 ya eré tó gùn tó ìṣẹ́jú 100, tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 3. Inú agolo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń ká a sí. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń rà á, òkèèrè náà ni wọ́n ń kó o lọ fọ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ aláwọ̀ mèremère dáadáa ní Nàìjíríà. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tún ní owó tirẹ̀, nítorí náà ẹ̀dà péréte ni onífíìmù máa ń ní.

Bó bá ti gbé e délé, bí aláàrìnjò ló ṣe máa kó o kiri. Ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn lórí á yí ìlú ká láti àárọ̀. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Wọ́n á ta aṣọ funfun, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ẹni tí ọkàn bá balẹ̀ sí ni yóò sì jókòó ti tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ó di ìlú mìíràn. Gbèsè tí onífíìmù jẹ kó tó ya eré náà, owó ẹnu ọ̀nà nìkan ni yóò fi san án, díẹ̀díẹ̀, láti ìlú dé ìlú.

Lórí ìtàgé, kò sẹ́ni tó lè jí Bàbá Sàlá gbé. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí eré. Nígbà tó wọ inú fíìmù, ẹ̀rín rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó wọ inú agolo. Ẹni tó bá ti rí agolo náà mú fún òru ọjọ́ kan péré ti rí ohun tí ọkùnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ.

Kásẹ́ẹ̀tì dé

VHS jáde ní Japan ní 1976. Owó epo rọ̀bì wà nílùú nígbà náà, ẹ̀rọ fídíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn tó rí jájẹ. Láti ṣe ẹ̀dà, kò gbà ju ẹ̀rọ méjì àti wáyà lọ. Ọ̀run Móoru bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó sì dé àwọn ìlú kan ṣáájú ẹni tó ni ín. Ta ló máa wá sanwó ní gbọ̀ngàn fún ohun tó ti wò ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Ẹ wo ohun tí fíìmù náà dá lé. Ọkùnrin kan tó ń ta rédíò àti ẹ̀rọ orin bọ́ sọ́wọ́ babaláwo èké tó ṣèlérí pé òun máa sọ páálí owó di àgbá owó. Gbogbo owó òwò rẹ̀ wọgbó. Ẹni tó ṣe eré yẹn wá rí tirẹ̀ lójú ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò ṣojú kòkòrò kankan.

Òfin wà, òfin ọdún 1970 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ìjìyà inú rẹ̀ kéré débi pé kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ọdún 1988 ni ìjọba tó ṣe òmíràn, èyí tó fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 sí i. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Ọ̀run Móoru.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Bàbá Sàlá kò sá fún sinimá. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1980, Adé Lóòfù darí Moṣebọ́látán fún un. Bóyá òun náà mọ̀ pé orí ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n lòun ti dùn jù. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè nínú sinimá, inú sinimá náà ló máa ń retí pé òun yóò ti rí i san.

Lẹ́yìn náà, owó Nàìjíríà gan-an já wálẹ̀. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí 1987 ń parí lọ, èèyàn ní láti kó náírà 4 sílẹ̀ kó tó rí dọ́là kan. Fíìmù tí wọ́n ń fi dọ́là rà, tí wọ́n ń fi dọ́là fọ̀, kúrò ní ohun tí òṣèré aláàrìnjò lè sún mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tó lé ní 100 nígbà tí àwọn ọdún 1980 bẹ̀rẹ̀ wá ń wá ibi tí wọ́n máa gbà.

Ibi tí wọ́n rí ni kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó ba ọjà Ọ̀run Móoru jẹ́ náà ni wọ́n gbé sọ́wọ́ láti fi ya eré, tí wọ́n sì ń tà tààrà fún àwọn èèyàn nílé wọn, kí olè tó ráyè dà á kọ. Láti ibẹ̀ ni ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Nollywood lónìí ti gbilẹ̀. Bàbá Sàlá náà gbé Àgbà Man jáde sórí fídíò ní 1992. Ó ti lé ní ẹni ọdún 50 nígbà náà, àwọn tó wà nídìí ọjà tuntun yìí, tó fi mọ́ àwọn olówó tó ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì, kò dúró de ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Bọ́ìsàlá, wọ iṣẹ́ náà.

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí lórí dída iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ ni ti ọdún 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta, ọdún 2023. Ó fún ẹni tó ni iṣẹ́ lágbára láti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹlòmíràn bá gbé e síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ọdún 50 ló fi dáàbò bo fíìmù lẹ́yìn ọdún tó bá jáde. Bá a bá fi ìyẹn ṣírò, ìparí ọdún 2032 ni Ọ̀run Móoru tó máa di ohun tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ láìjẹ̀bi.