Owó Dátà Ọmọ Yín: Bí Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba, l'Ádó-Èkìtì, ló ní ọmọ ní yunifásítì: ní EKSU tó wà lọ́nà Ìwòròkò, ní ABUAD, tàbí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ọmọ á pè pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, dátà mi ti tán, kíláàsì sì wà ní aago mẹ́rin." Ìyá á yọ owó nínú èrè ọjọ́ náà, á fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń sanwó mọ ohun tí owó náà ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí ẹ̀kọ́ náà ń gbé. Sáfà ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà alágbára tí wọn kì í pa, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ bá fún ohun tí wọ́n bá ń wá. Orí sáfà ni yunifásítì ń gbé ètò ìkọ́ni sí. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ gan-an ni Moodle, tí Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, gbé jáde ní 2002. Ẹ wò ó bí ìsọ̀ tó ní ọ̀pọ̀ pẹpẹ: kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní pẹpẹ tirẹ̀, olùkọ́ ń to ìwé, ohùn, fídíò àti ìdánwò kéékèèké síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá mú tirẹ̀ nígbà tó bá ráyè, ètò náà fúnra rẹ̀ sì ń kọ ẹni tó wọlé sílẹ̀ àti ohun tó mú. Ọ̀fẹ́ ni Moodle, ṣùgbọ́n títọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Sáfà ń fẹ́ iná tọ̀sán-tòru, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Yunifásítì tó ra ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà láìgba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan.

Kí ọmọ tó lè wọlé, ètò náà gbọ́dọ̀ dá a mọ̀. Orúkọ, nọ́ńbà mátíríìkì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti àwọn kọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ fún gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. EKSU tí a dá sílẹ̀ ní 1982 jẹ́ ká rí bí iṣẹ́ yìí ṣe lè tóbi tó, nítorí ní 2011 ni ìjọba Èkìtì pa á pọ̀ mọ́ yunifásítì méjì mìíràn, ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ n'Íkẹ́rẹ́ àti ti sáyẹ́ǹsì n'Ífàkì. Nígbàkígbà tí ilé-ìwé mẹ́ta bá di ọ̀kan, àkọsílẹ̀ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ di ọ̀kan, orúkọ ẹnì kan náà sì lè wà ní sípẹ́lì méjì. Bí wọn kò bá tún irú ìyẹn ṣe, ọmọ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, máàkì rẹ̀ kò ní rí ibi bọ́ sí.

Iná àti okùn ló tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, fò láti bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, àwọn yunifásítì sì figbe ta. Ní ti okùn fáíbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gba owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan tí iléeṣẹ́ bá gbẹ́. Ní 2020, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gé owó yìí l'Ékìtì láti ₦4,500 sí ₦145. Ọ̀rọ̀ kòtò àti ọ̀nà ló jọ, ṣùgbọ́n mo kà á sí ọ̀kan nínú ìpinnu tó ṣe ẹ̀kọ́ lóore jù ní ìpínlẹ̀ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àpò ìyá ọlọ́jà wá rèé. Kíláàsì orí Zoom, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí ojú ara wọn, lè jẹ tó 800 MB ní wákàtí kan. Bí olùkọ́ bá gba ohùn rẹ̀ nìkan sílẹ̀ níwọ̀n 64 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan náà kò tó 30 MB. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ ń ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́jọ, wákàtí méjì-méjì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá: wákàtí 192 nìyẹn. Bó bá jẹ́ fídíò, ó lé ní 150 GB. Bó bá jẹ́ ohùn, kò tó 6 GB. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC sì fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ní tèmi, fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ọmọ ọlọ́jà ń lò ló yẹ kí yunifásítì fi díwọ̀n gbogbo ohun tó bá fẹ́ gbé síta. Ohun tí fóònù yẹn kò bá lè ṣí, ká má kà á sí ẹ̀kọ́. Ọ̀nà sì wà: ètò Moodle ti orí fóònù máa ń jẹ́ kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tó wà lábẹ́ Wi-Fi ilé-ìwé, kó lọ kà á nílé láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá.

Kì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni láti òkèèrè. Yunifásítì Èkó ti dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà ló ń gbé ìwé lọ bá akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba ṣòfin yunifásítì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, NOUN, ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, kò sì tún jí àfi ní 2002. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Ifẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, OAU àti MIT ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ohun tí wọ́n pè ní iLab, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń darí ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn olùkọ́ Ifẹ̀ kò dúró lórí lílo ti òkèèrè. Wọ́n kọ́ tiwọn sí Ifẹ̀, èyí tó bá kọ́ọ̀sì wọn àti íntánẹ́ẹ̀tì wọn mu.

Olùkọ́ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wà nínú ìyanṣẹ́lódì, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè kọ́ ọmọ yunifásítì ìjọba ní kíláàsì. Kí olùkọ́ ya fọ́tò ìwé tó ti ń lò láti ọdún pípẹ́, kó gbé e sórí ètò ìkọ́ni, kì í ṣe ìkọ́ni. Ó ní láti gé ẹ̀kọ́ wákàtí méjì sí ìpín kéékèèké, kó fi ìbéèrè sẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan, kó sì dáhùn ohun tí àwọn ọmọ bá kọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kó ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kó sì dín iṣẹ́ mìíràn kù lọ́rùn rẹ̀.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, CBT, ni òbí mọ̀ jù, nítorí JAMB bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013, ó sì pa ti orí ìwé tì ní 2015. Ní oṣù karùn-ún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn sáfà kan kò gba àtúnṣe tí àwọn yòókù gbà. Ibùdó 157 àti ọmọ 379,997 ni ó kàn, wọ́n sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò ní àbùkù. Ẹ̀yìn, níbi tí ojú òbí kò tó, ni àṣìṣe ti wáyé.

Nítorí náà, nígbà tí ilé-ìwé bá bu owó ICT mọ́ owó ilé-ìwé, ẹ béèrè. Ṣé ọmọ mi lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sórí fóònù, kó kà á láìsí dátà? Ta ló ń dáhùn bí kò bá lè wọlé, títí di aago mélòó? Bí iná bá lọ láàárín ìdánwò, ṣé ìdáhùn tó ti tẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀? Akọ̀wé ilé-ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀.